Apá Òsì Suara

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹjọ

Mẹ́ta sí ẹyọ kan. A tún fìdí rẹmi.

Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀, pápá ilé-ìwé tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù l'Ágége di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kọ́ ló gbá mẹ́ta wọlé wa. Ẹ̀yìn wa ló jò. Apá òsì ni gbogbo rẹ̀ gbà wọlé. Èyí àkọ́kọ́, ọmọ kan tó wọ nọ́ńbà méje gba ẹ̀gbẹ́ Suara kọjá bí ẹni tó ń lọ ra gúgúrú. Suara kò tilẹ̀ wò ó. Èkejì rí bákan náà. Nígbà tí ẹ̀kẹta ń bọ̀, mo ti yíjú kúrò kó tó wọlé.

Ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje kí líìgì àwọn ilé-iṣẹ́ parí. Ipò kẹtàlá la wà nínú mẹ́rìnlá, àwọn méjì tó bá sì gbẹ̀yìn ló máa já. Madam Ọládùnní, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì wa, ti sọ ọ́ fún mi lójúkojú pé bí a bá já, kò sí tíìmù mọ́. Ó ní, "Kóòṣì, ọpọ́n àti àga oníke là ń ṣe ní Ọ̀gbà níbí o, a kì í ṣe ẹ̀sín." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá tú wa ká, àwọn ọmọ méjìdínlógún tó ń jókòó lẹ sítíkà mọ́ ọpọ́n títí di aago méjì ọ̀sán nítorí bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa kó padà síbi ìkẹ́rù. Èmi ní tèmi, ilé ni mo máa lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò sì mọ òmíràn.

Ọsàn mẹ́wàá ti di ẹgbẹ̀rún kan náírà. Mo là á ní ìlàjì-ìlàjì fún wọn. Ojú ń ti àwọn kan láti gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kẹjọ

Mo ṣí ìwé góòlù mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé wa ni mo máa ń kọ ibi tó gbà wọlé àti ẹni tó yẹ kó dí ibẹ̀. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ti gbá wọlé wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀ ló gba àárín Suara àti Ṣínà.

Suara ni balógun, àárín ẹ̀yìn ló ń dúró. Ṣínà ló ń ṣọ́ ìlà ní apá òsì rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló ń tà wá, n kò sì lè gbà pé Suara ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí mo rí i ní Oko Ọba, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ọjà màlúù. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ wá sí kọ́ńpìnnì. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé. Iléyá kan kò kọjá kí itan àgbò rẹ̀ má dé ilé mi, èmi tí mo jẹ́ ará Aládùúrà.

Nítorí náà, Ṣínà ni. Emmanuel tó máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ni yóò gba ipò rẹ̀ ní Sátidé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹjọ

Lẹ́yìn ìdánrawò, Suara wá bá mi níbi tí mo ti ń ka bọ́ọ̀lù sínú àpò. Ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ n lọ dúró síbi ìlà, ní ipò Ṣínà. Ẹ fi ẹlòmíì sí àárín."

Mo ní kí ló dé.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Ìlà yẹn á rọ̀ mí lọ́rùn ni."

Ẹ gbọ́ mi! Balógun fẹ́ sá kúrò níbi tí iná ti ń jó, ó fẹ́ lọ fara mọ́ ìlà bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ń pín ipò, kì í ṣe òun. Ó ní, "Ẹ má bínú sà," ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Wọ́n ní ó ti ta ọ̀kadà rẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní ìyàwó nílé, tó wá ń ta ọ̀kadà, ohun kan wà tó ń ṣe. Mo ti sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì bóyá n ó gbọ́ òórùn ọtí. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kẹjọ

Méjì sí méjì. Ọ̀mì ni, ó sàn ju òfo lọ. Ṣùgbọ́n méjèèjì tó wọlé wa, ibi kan náà ló gbà, láàárín Suara àti ìlà. Emmanuel sáré títí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, kò sí ohun tó lè ṣe. Ṣínà jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń fi bàtà wa ilẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi tú ká.

Mo rò pé mo ti ṣẹ ọmọ yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Kẹjọ

Ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ níbi oúnjẹ ọ̀sán. Suara na ọwọ́ mú búrẹ́dì, ó fi ìgúnpá gbá ife tíì Ṣínà dà sí i lẹ́sẹ̀. Ife pupa ńlá, lórí tábìlì funfun. Ṣínà fò dìde: "Bọ̀ọ̀dá Suara, ṣé ipò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ò tíì tó ni?" Suara ní òun kò rí i. Ó ń wá aṣọ ìnùlẹ̀ kiri, aṣọ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Mo bá wọn parí ẹ̀. Ara mi kò balẹ̀ sí Suara mọ́.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Kẹjọ

Oyèbọ́lá ìyàwó mi bínú dé láti ọjà. Ó ní Suara kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ní Ìjú Road, apá òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kan apá rẹ̀, ó gbé ojú síwájú, kò kí òun. Ó ní, "Èmi tí mo gbé ìkòkò kaná lọ́jọ́ tó kó ọmọ ẹ̀ jáde! Èmi ni Suara ń wò bí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà."

Mo ní bóyá ó ń ronú. Ó ní ẹni tó ń ronú kò di afọ́jú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù Kẹjọ

Mẹ́rin sí ẹyọ kan. N kò fẹ́ kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Kẹjọ

Mo lọ sí ìsìn. Wọ́n ní kí olúkúlùkù kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Èmi àgbàlagbà tí mo ní àìsàn lára, tí mo ní ọmọ tí kò ríṣẹ́ ṣe, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni mo ń gbàdúrà fún lórí eékún mi. Ìtìjú bá mi, ṣùgbọ́n n kò yí àdúrà náà padà.

Suara ni. Mo ti mọ̀ ọ́n láti àná, mo kàn ń sá fún un. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ọ̀tún rẹ̀ wá, kò sí ẹni tó lè gbà á kọjá, bí ó ti rí láti ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Bí ó bá ti òsì wá, yóò dúró bí òpó títí wọn yóò fi kọjá, ìgbà náà ni yóò tó máa sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wúwo. Ó kàn ti jáwọ́ nínú iṣẹ́ ni, ìgbéraga sì ti wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù Kẹjọ

Mo rí ọmọ kan níbi ìkẹ́rù. Teslim ni wọ́n ń pè é, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, àwọn òbí rẹ̀ ń ta ẹran ní Oko Ọba. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lásìkò ìsinmi láàárín òkìtì àga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára tó bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo ń wò. Kò dúró sójú kan: ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn, bí adìyẹ tó ń jẹ lójúde. Kí bọ́ọ̀lù tó dé, ó ti mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kígbe rẹ̀ létí àwọn ọmọ mi nìyẹn, pé ojú ni ẹni tó wà lẹ́yìn fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi o, Kóòṣì. Fọ́kílíìfù ni. Ẹ wo àwọn mọ́tò tó ń gbé ẹrù yẹn, irin méjèèjì iwájú ẹ̀. Ariwo máṣíìnì ò ní jẹ́ kẹ́ẹ gbọ́ tó bá ń bọ̀. Tẹ́ẹ bá wà níbí tẹ́ẹ ò wo left, wo right, wọ́n á gbé yín pọ̀ mọ́ ẹrù ni."

Fúráídè ni líìgì yóò pa ìwé orúkọ dé. Orúkọ kan wọlé, orúkọ kan jáde.

Ọjọ́rú, 27 oṣù Kẹjọ

Ó ti tó gẹ́ẹ́.

Èmi àti Madam Ọládùnní dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ní òwúrọ̀, à ń sọ ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ náà. Suara ń ti ibi omi bọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí wa. Kò dọ̀bálẹ̀, kò tẹ̀ríba, kò sọ pé ẹ káàárọ̀. Ó gbé ojú síwájú, ó kọjá lọ.

Madam wò mí. Ó ní, "Kóòṣì, ṣé ọmọ yín yẹn náà kọ́? Ó jọ pé ó ti dàgbà jù yín lọ."

Nílé wa l'Ékìtì, ọmọ tí kò bá kí bàbá mi láàárọ̀ kì í jẹun lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ àkọ́bí. Ìyà tí Suara fi jẹ mí lójú obìnrin yẹn, kò sí góòlù tó dùn mí tó o.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Kẹjọ

Mo kọ Teslim wọlé. Mo fa igi lé orúkọ Suara.

N ó kọ òtítọ́ síbí, ìwé ara mi ni. Mo lè fa igi lé Àlàbá, aṣọ́lé wa kẹta tí kò tíì wọ pápá láti ọdún tó kọjá. Suara ìbá kúkú jókòó sórí bẹ́ńṣì, kó ṣì wà nínú àwọn méjìdínlógún. Bírò mi wà lórí orúkọ Àlàbá, ọwọ́ mi ló gbé e kúrò. Mo ní kí ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún un. Mo rò pé yóò bínú, mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de ìbínú rẹ̀. Kò bínú. Ó bọ́ ọ̀já balógun tó wà lápá rẹ̀, ó ká a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Ó ní, "Ó ti dáa, Baba. Ẹ ṣeun fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé ibi ìkẹ́rù ni wọ́n máa mú mi lọ?"

Mo ní n kò mọ̀. Mo mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù Kẹjọ

Òfo sí òfo! Ìgbà àkọ́kọ́ nínú sáà yìí tí ẹnikẹ́ni kò gbá bọ́ọ̀lù wọlé wa. Mo dá Ṣínà padà sí ìlà òsì, mo sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Òun àti Teslim so mọ́ra. Teslim ń pariwo fún un, "Ẹ̀yìn ẹ! Ẹ̀yìn ẹ!" Ẹni tó wọ nọ́ńbà méje lọ́dọ̀ àwọn alátakò gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹfà, kò rí ihò. Ó pẹ́ tí mo ti jẹ ọsàn tó dùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri. Teslim, láti ibi ìkẹ́rù sí ibi sítíkà. Suara, láti ibi sítíkà sí ibi ìkẹ́rù. Wọ́n fi í dí àlàfo tí Teslim fi sílẹ̀ gan-an.

Mo lè lọ bá Madam sọ ọ́. Ọjọ́ orí Suara ti tó mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò yẹ lẹ́ni tó ń gbé ẹrù. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo padà. Mo ní kí ó wá bẹ̀ mí ná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹsàn-án

Ẹyọ kan sí òfo. Tiwa ni ẹyọ kan. Òjò pa wá, ẹnikẹ́ni kò rántí òtútù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹsàn-án

Mo gba ẹ̀yìn ilé ẹrù kọjá. Mo rí Suara lókèèrè, ó gbé àga mẹ́jọ sórí. Kò yára. Kó tó wo ohunkóhun, gbogbo ara ló ń yí, bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Àwọn ọmọ kékeré ń fi í ṣe ẹlẹ́yà: "Balógun, shine your eye o!" Ó ń rẹ́rìn-ín bá wọn.

Kò tíì wá bẹ̀ mí. Èmi náà kò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Kẹsàn-án

Ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Pẹ́nárítì ni wọ́n fi gbá tiwọn, rẹfirí ló sì fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ipò kọkànlá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Kẹsàn-án

Méjì sí òfo. Bí a bá ta ọ̀mì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ò ní já. Madam Ọládùnní fúnra rẹ̀ wá wò wá, ó dúró sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Kóòṣì, ẹnì kan péré lẹ pààrọ̀, ẹ̀yìn yín di ògiri. Ẹ máa wá ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ọ̀gá tó kù o."

Inú mi dùn dé ilé. Oyèbọ́lá ní, "Ṣé ẹ ti rí Suara?" Inú mi kò dùn mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Kẹsàn-án

Fọ́kílíìfù gbá Suara.

Ọjọ́rú, 24 oṣù Kẹsàn-án

N kò lè kọ ọ́ lánàá.

Ọ̀sán gangan ni. Ọkọ̀ náà ń ti apá òsì rẹ̀ bọ̀, ó gbé ọpọ́n dé òkè. Awakọ̀ ní òun fọn fèrè, pé Suara wà ní gbangba, kò sí ohun tó bò ó lójú. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. "Ó tẹsẹ̀ síwájú ni, Kóòṣì. Ó tẹsẹ̀ bọ́ síwájú mi bí ẹni pé kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀." Irin wọlé sí i ní itan, egungun ṣẹ́ sí méjì.

Mo lọ sí ilé-ìwòsàn lónìí. Dókítà obìnrin kan ń wò ó nígbà tí mo wọlé. Ó ní ohun tí awakọ̀ sọ kò yé òun, nítorí náà òun fẹ́ wo ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún Suara, ó gbé ìka méjì sókè.

"Ìka mélòó lẹ rí?"

Suara ní, "Ìka wo, dókítà?"

Gilakómà ni wọ́n pè é. Kì í dunni, kì í jẹ́ kí ojú pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú wá sí àárín, ẹni tó ń ṣe kì í tètè mọ̀. Ojú òsì ti kú pátá. Ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn wà tí wọ́n máa ń kán sí i títí ayé, ó lè dá èyí tó kù dúró. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Dókítà ní bí ó bá jẹ́ pé ó tètè wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Mo bá Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ní ìta. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó pariwo.

"Ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òsì yẹn, Baba. Oògùn kẹ́míìsì ló ń kán sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọmọ kan lórí ọ̀kadà, ìdí tó fi tà á nìyẹn. Mo ní kó sọ fún yín. Ó ní tóun bá sọ, ẹ máa yọ òun, wọ́n á dá òun padà síbi ìkẹ́rù. Ibẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù jù lọ láyé, nítorí mọ́tò yẹn."

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Kẹsàn-án

Mo ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ pé kò wo ọmọ nọ́ńbà méje. Èmi ni mo kọ ife pupa lórí tábìlì funfun. Mo kọ ọ́ pé bí bọ́ọ̀lù bá ti ọ̀tún wá kò sí ẹni tó lè kọjá, mo tún fi ọwọ́ ara mi kọ ìgbéraga sí ìdí rẹ̀. Oyèbọ́lá tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ afọ́jú, mo kọ ọ́, mo sùn.

Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun ṣọ́ ìlà. Lónìí ni mo tó dìde, mo dúró sí àárín yàrá, mo fi ọwọ́ bo ojú òsì mi. Bí ènìyàn bá dúró sí ìlà òsì, kò sí ohunkóhun ní apá òsì rẹ̀ àfi ìlà. Gbogbo bọ́ọ̀lù ọ̀tún ni yóò ti wá. Ọmọ yẹn ti wá ọgbọ́n fún ara rẹ̀, ó sì gbé e wá bá mi. N kì bá tí pàdánù ẹnikẹ́ni. Teslim ní àárín, Suara ní ìlà, ẹ̀yìn wa ìbá le ju báyìí lọ.

Ọ́fíìsì Madam Ọládùnní ńkọ́? Ẹni tó bá ń ti ibi omi bọ̀, apá òsì rẹ̀ ló wà. Mo lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Mo rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta.

N kò yọ Suara nítorí góòlù. Mo yọ ọ́ nítorí kò kí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù Kẹsàn-án

Òfo sí òfo. A ò já. Wọ́n gbé mi sókè. Mo ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n pè mí síwájú. Madam ní kí n sọ bí mo ṣe tún ẹ̀yìn tíìmù ṣe, pé àwọn ọ̀gá tó kù lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú bí a ṣe ń pààrọ̀ ẹni tí kò ṣe dáadáa mọ́.

Mo ní, "Ẹni tó ń ríran ni mo fi rọ́pò ẹni tí kò ríran."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣínà àti Teslim nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Teslim ń wo bàtà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo tẹ̀ lé Madam wọ ọ́fíìsì, mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ẹsẹ̀ Suara bá san, kí wọ́n fi í síbi sítíkà. Ó kẹ́dùn, n kò purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kọ́ńpìnnì yóò tọ́jú ẹsẹ̀, nítorí ibi iṣẹ́ ló ti ṣẹ́. Ojú kì í ṣe ẹjọ́ àwọn. Ibi sítíkà sì ńkọ́, ti àwọn agbábọ́ọ̀lù ni. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀, Kóòṣì. Ẹ rántí?"

Mo rántí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo bẹ ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ pé kí àwọn ọmọ mi máa jókòó ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè ní okun fún pápá. Suara ló tẹ̀ lé mi lọ lọ́jọ́ náà.

Mo sọ fún Madam pé kí ó fa igi lé orúkọ mi nínú ìwé tíìmù, kí ó kọ Suara sí i dípò mi. Ó ní òun yóò wò ó. N ó máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi wò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn ìsìn, mo ra ọsàn, mo gba ilé Suara lọ l'Ágége. Oyèbọ́lá bu ọbẹ̀ sínú kúlà fún mi dání. Ó fẹ́ tẹ̀ lé mi, ó dé ẹnu géètì, ó padà, ó ní òun kò mọ ojú tí òun máa fi wò ó.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Sìlífátù ti lọ gba oògùn ojú. Suara nìkan ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé, lórí àga oníke, ọ̀kan nínú tiwa, ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n dì sórí àpótí. Ẹnu ọ̀nà wà ní apá òsì rẹ̀. Mo wọlé, mo dúró. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo bọ́ọ̀lù ní ìta, ó ń tẹ́tí sí wọn, kò gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Mo dúró pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ń dúró dè. Mo ń dúró kó kí mi.

Mo yí gba ẹ̀yìn àga rẹ̀ lọ sí ọ̀tún. Mo bẹ̀rẹ̀ títí orí mi fi bá tirẹ̀ dọ́gba.

"Suara, o kú ìjókòó."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, n kò kí i ṣáájú rí. Ó ta gìrì, ó fi ọwọ́ ti àga, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ kò jẹ́. Ọwọ́ mi ló wá fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.

Ó ní, "Háà, Baba! Ẹ má bínú. N ò rí yín ni."

Mo gbé àga kan wá sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn.